YÌGÌ ÀTI ÌWÉ KÓÒTÙ: TA NI YÓÒ TÚ ÌYÀWÓ SÍLẸ̀?

Àwọn àgbà a máa wí pé, 'Igi gánganran má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti í wò ó.' Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa sọ lọ́dún yìí jẹ́ igi gánganran kan tí ó nà sí ojú ọ̀nà ọ̀pọ̀lọpọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tí ó wà nínú ọgbà yìí. Ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ni. N kò wá sọ ti ìfẹ́, n kò sì wá sọ ti aṣọ ẹbí àti ìlù. Òfin tí ó de tọkọtaya ni mo fẹ́ sọ, àti ohun tí ojú ń rí nígbà tí òfin méjì bá de ènìyàn kan ṣoṣo.

Ọ̀pọ̀ ọmọ Mùsùlùmí ní ilẹ̀ Yorùbá ni ó ń ṣe ìgbéyàwó lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Àlùfáà yóò so yìgì fún wọn níwájú ẹbí àti ará. Wọn yóò tún gba rẹ́jísírì lọ láti fọwọ́ sí ìwé, nítorí pé ibi iṣẹ́ ń bèèrè ìwé, tàbí nítorí pé àwọn tí ń fúnni ní ìwé àṣẹ ìrìnnà sí òkè òkun kò ka ọ̀rọ̀ àlùfáà sí. Wọ́n rò pé ohun kan náà ni wọ́n ṣe lẹ́ẹ̀mejì, bí ẹni tí ó ta okùn lé okùn kí ẹrù má baà tú. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Okùn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ọwọ́ tí ó so ti àkọ́kọ́ kọ́ ni ó so èkejì, ọ̀nà tí a sì ń gbà tú ọ̀kan kọ́ ni a ń gbà tú ìkejì. Lórí ìyàwó ni wàhálà náà sì ń dá lé jù.

Èrò tèmi ni pé kì í ṣe òfin Mùsùlùmí ni ó ń fa ìyà yìí, kì í sì í ṣe òfin ìjọba nìkan. Àìmọ̀ wa ni, àìkọsílẹ̀ wa ni, àti bí ìjọba àti àwọn àlùfáà ṣe ń wo ara wọn bí ẹni tí kò mọ ara wọn rí. Mo fẹ́ ṣe àlàyé ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀nà mẹ́ta tí a ń gbà di tọkọtaya

Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni ti ìbílẹ̀: alárinà, ìtọrọ, ìdáná, ẹrù ìyàwó, títí wọn yóò fi sin ìyàwó dé ilé ọkọ. Ọ̀nà kejì ni ti yìgì. Baba ìyàwó, tàbí ẹni tí ó dúró ní ipò baba, yóò fi ọmọ fún ọkọ lójú ẹlẹ́rìí. Ọkọ yóò san sàdáàkì, tí ó jẹ́ ti ìyàwó fúnra rẹ̀, tí kì í ṣe ti baba rẹ̀ tàbí ti ẹbí rẹ̀. Àlùfáà yóò ṣe wáàsí, yóò ṣe àdúà, ó parí. Ọ̀nà kẹta ni ti ìjọba, tí àwọn ìyá wa ń pè ní ti olórùka. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni ó gbé irú òfin yìí kalẹ̀ ní Èkó ní 1884. Èyí tí wọ́n ṣe fún gbogbo Nàìjíríà ní 1914 ni ó ṣì wà nínú ìwé òfin wa títí di òní. Ti bí a ṣe ń tú u ká wà nínú òfin mìíràn tí wọ́n ṣe ní 1970.

Kí á má gbàgbé ibi tí òfin kẹta yìí ti ṣẹ̀ wá. Ní 1866, adájọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan nínú ẹjọ́ Hyde àti Hyde sọ ohun tí ìgbéyàwó jẹ́ lójú àwọn Onígbàgbọ́: ọkùnrin kan, obìnrin kan, títí ọjọ́ ikú, láìsí ẹlòmíràn láàárín wọn. Èrò yẹn ni wọ́n gbé wọ ọkọ̀ ojú omi wá sí Èkó. Nítorí náà, Onígbàgbọ́ tí ó ṣe ìgbéyàwó nínú ṣọ́ọ̀ṣì tí ìjọba fún ní ìwé àṣẹ ti ṣe ti Ọlọ́run àti ti ìjọba pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀rọ̀ àlùfáà rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ kóòtù ti di ọ̀kan. Mùsùlùmí ni ó ń lọ sí ibi méjì. Ẹni tí ó bá ń bínú pé àwọn Mùsùlùmí ń ráhùn jù kò tíì ro ibi tí bàtà ti ń ta wọ́n lẹ́sẹ̀.

Ibi tí òfin méjèèjì ti kọlu ara wọn

Ẹ jẹ́ kí a pe ọkọ ní Lágbájá. Lágbájá so yìgì pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀, ó sì mú un lọ sí rẹ́jísírì. Ọdún mẹ́jọ kọjá, ìjà dé. Lágbájá pe ẹbí jọ, ó sọ ọ̀rọ̀ ìkọ̀sílẹ̀ tí àwọn Lárúbáwá ń pè ní talaq. Ìyàwó kó ẹrù rẹ̀, ó lọ sí ilé baba rẹ̀, ó jókòó ti iddah rẹ̀, ìyẹn àkókò tí ẹ̀sìn ní kí ó fi dúró kí ó tó lè fẹ́ ẹlòmíràn. Àkókò pé. Ọkùnrin mìíràn wá, àlùfáà tún so yìgì tuntun. Gbogbo àdúgbò wí pé ó tọ́, ó yẹ.

Lójú ìjọba, kò tọ́. Títí di ọjọ́ náà, ìyàwó Lágbájá ni obìnrin yìí ṣì í ṣe. Ìgbéyàwó rẹ́jísírì kì í tú nípa ọ̀rọ̀ ẹnu ọkọ. Ilé-ẹjọ́ Gíga nìkan ni ó lè tú u, lẹ́yìn tí ẹni tí ó pe ẹjọ́ bá ti fi hàn pé ìgbéyàwó náà ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Bí ìgbéyàwó kò bá tíì pé ọdún méjì, kò tilẹ̀ gbọdọ̀ pe ẹjọ́ láìgba àyè pàtàkì lọ́wọ́ adájọ́. Bí adájọ́ bá sì ti dá a, oṣù mẹ́ta ni wọn yóò tún fi dúró kí ìdájọ́ náà tó fìdí múlẹ̀ pátápátá. Àwọn amòfin kò fohùn ṣọ̀kan lórí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí yìgì nígbà tí tọkọtaya bá lọ sí rẹ́jísírì: àwọn kan ní ìwé ìjọba ti gbé e mì, àwọn kan ní méjèèjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Bí ó ti wù kí ó jẹ́, talaq kò tú ìwé.

Yí ọ̀rọ̀ náà padà. Ká ní ìyàwó ni ó lọ sí Ilé-ẹjọ́ Gíga, tí adájọ́ sì tú ìgbéyàwó ká. Ó gba ìwé rẹ̀ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n Lágbájá rẹ́rìn-ín, ó ní òun kò sọ ọ̀rọ̀ ìkọ̀sílẹ̀ kankan, pé Kìrìsìtẹ́nì tí ó wọ aṣọ dúdú kò lè tú yìgì òun. Obìnrin náà wá ọkọ mìíràn, àlùfáà sì kọ̀ láti so yìgì, ó ń bẹ̀rù ẹ̀ṣẹ̀. Obìnrin tí ìjọba ti tú sílẹ̀ ni ẹ̀sìn tún dì mú. Ọkùnrin kò ní irú ìṣòro yìí: bí ó bá fẹ́, ó lè fẹ́ ìyàwó mìíràn ní ọjọ́ kejì, kí ó wí pé Ọlọ́hun fún òun láyè mẹ́rin.

Ibẹ̀ gan-an ni ìkọlù kejì wà. Ẹni tí ó bá ti fọwọ́ sí ìwé rẹ́jísírì ti sọ pé ìyàwó kan ṣoṣo ni òun yóò ní níwọ̀n ìgbà tí ìgbéyàwó náà bá wà. Òfin 1914 sọ ọ́ gbangba pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò lè fẹ́ ẹlòmíràn lọ́nà ìbílẹ̀. Bí ó bá ṣe é, ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún ni. Bí ó bá jẹ́ pé rẹ́jísírì ni ó tún mú ẹni kejì lọ, òfin ọ̀daràn ní ẹ̀wọ̀n ọdún méje. Àwọn kan wà tí wọ́n gbọ́n bí àparò. Wọ́n ní 'ìbílẹ̀' ni òfin wí, kò wí 'yìgì', pàápàá láti ìgbà tí Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ti sọ nínú ẹjọ́ Alkamawa àti Bello ní 1998 pé òfin Mùsùlùmí kì í ṣe àṣà ìbílẹ̀ ẹ̀yà kankan. Kí àwọn amòfin máa bá àríyànjiyàn wọn lọ. Ohun tí ó dá mi lójú ni pé ìyàwó kejì tí ó wọlé lọ́nà bẹ́ẹ̀ wọ ilé tí kò ní ìlẹ̀kùn. Òótọ́ ni pé a kì í sábà gbọ́ pé wọ́n gbé ọkọ kankan lọ sí ẹ̀wọ̀n nítorí èyí. Ọjọ́ tí ọkọ bá kú ni ọ̀ràn ń jáde.

Èyí ni ìkọlù kẹta: ogún. Ẹbí ọkọ yóò pe àlùfáà kí ó wá pín ogún bí Àlùkùránì ti là á sílẹ̀: ìdá mẹ́jọ kan fún ìyàwó nígbà tí olóògbé bá ní ọmọ, àti ìlọ́po méjì ìpín obìnrin fún ọkùnrin. Ìyàwó olórùka yóò gbé ìwé rẹ̀ jáde, yóò ní òfin ìjọba ni kí wọ́n tẹ̀lé, èyí tí kò mọ̀ pé ọmọkùnrin ju ọmọbìnrin lọ. Ìyàwó kejì yóò dúró láàárín pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀. Láti 1979 ni ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti sọ pé a kò gbọdọ̀ fi ọ̀nà tí wọ́n gbà bí ọmọ fi ìyà jẹ ẹ́, nítorí náà àwọn ọmọ rẹ̀ ní ẹ̀tọ́. Òun alára ńkọ́? Ó sin ọkọ fún ogún ọdún, kóòtù lè sọ fún un pé kò ṣe ìyàwó ẹnikẹ́ni rí. Àwọn àgbà wí pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Àwọn ọmọ bàbá kan náà ni kì yóò kí ara wọn mọ́.

Ìyàwó tí ó ní yìgì nìkan

Ẹnìkan lè wí pé, 'Bí ọ̀ràn bá rí báyìí, kí Mùsùlùmí má ṣe lọ sí rẹ́jísírì mọ́. Kí ó so yìgì, kí ó jókòó jẹ́ẹ́.' Ìmọ̀ràn yìí dùn létí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó wà nínú rẹ̀ fún obìnrin.

Òfin 1970 tí ó sọ nípa owó ìtọ́jú ìyàwó, nípa ọmọ tí yóò wà lọ́dọ̀ ta ni, àti nípa dúkìá tọkọtaya, sọ ọ́ ní apá kọkàndínláàádọ́rin pé ìgbéyàwó tí òun ń wí kò kan èyí tí a ṣe ní ọ̀nà Mùsùlùmí tàbí ti ìbílẹ̀. Ìyẹn ni pé ìyàwó oníyìgì kò lè gba ibẹ̀ wọlé láti bèèrè ohunkóhun. Bẹ́ẹ̀ ni ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa yọ ìgbéyàwó Mùsùlùmí àti ti ìbílẹ̀ kúrò nínú ohun tí ìjọba àpapọ̀ lè ṣòfin lé lórí. Ó fi í lé àwọn ìpínlẹ̀ lọ́wọ́. Kí ni àwọn ìpínlẹ̀ wa fi ṣe?

Ìwé òfin 1979 àti ti 1999 sọ pé ìpínlẹ̀ tí ó bá fẹ́ lè ní Kóòtù Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ti Ṣàríà, tí yóò máa gbọ́ ẹjọ́ ìgbéyàwó, ìkọ̀sílẹ̀, ìtọ́jú ọmọ àti ogún láàárín àwọn Mùsùlùmí. Ìpínlẹ̀ Kwara ní i. Nítorí náà, obìnrin Yorùbá kan ní Ìlọrin tí ọkọ rẹ̀ kò bọ́, tí kò sì kọ̀ ọ́ sílẹ̀, lè lọ bá adájọ́ tí ó mọ ìwé Málíkì dunjú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ó lọ́kọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí mọ́tò kò ní rìn pẹ́ kí ó tó dé, kò ní irú ilé-ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Èdè kan náà, ẹ̀sìn kan náà, yìgì kan náà; ààlà ìpínlẹ̀ ni ó yà wọ́n.

Kóòtù ìbílẹ̀ ni ti Ògbómọ̀ṣọ́ yóò lọ. N kò bú kóòtù ìbílẹ̀. Àìmọye obìnrin ni ó ti rí ìtúsílẹ̀ níbẹ̀, nítorí pé bí ìyàwó bá ti wí pé ìfẹ́ ti tán, adájọ́ kì í dá a dúró pẹ́. Ṣùgbọ́n àṣà ìbílẹ̀ ni adájọ́ náà mọ̀. Yóò bèèrè iye owó orí tí ó yẹ kí wọ́n dá padà. Kò ní bèèrè bóyá ọkọ tíì san sàdáàkì tán, tí ó jẹ́ gbèsè lọ́rùn ọkọ lábẹ́ òfin Mùsùlùmí. Bí ó bá dá ẹjọ́ tán, àwọn àlùfáà kan yóò gbà á, àwọn mìíràn yóò ní kò tó. Obìnrin náà yóò máa ti ilé àlùfáà kan lọ sí òmíràn, bí ẹni tí ń wá oògùn.

Kì í ṣe pé ẹ̀sìn náà kò ní ojúùtù. Lábẹ́ òfin Málíkì, tí àwọn Mùsùlùmí ilẹ̀ Yorùbá ń tẹ̀lé, obìnrin lè dá sàdáàkì padà kí ó sì ra ara rẹ̀ sílẹ̀. Èyí ni wọ́n ń pè ní khul'. Bí ọkọ kò bá bọ́ ọ, bí ó bá ń lù ú, bí ó bá lọ tí a kò gbúròó rẹ̀ mọ́, adájọ́ lè tú yìgì láìdúró de ọ̀rọ̀ ẹnu ọkọ. Ohun tí kò sí ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni adájọ́ tí àwọn méjèèjì gbà, tí ìjọba sì gbà. Oògùn wà nínú àdó, kò sí ẹni tí ìjọba fún láṣẹ láti ṣí i.

Nígbà kan rí, kò rí bẹ́ẹ̀. Ṣáájú kí òyìnbó tó gba ilẹ̀ wa, àwọn ọba Mùsùlùmí ní Ẹdẹ àti Ìwó ní àwọn adájọ́ tí wọ́n ń fi òfin Mùsùlùmí dá ẹjọ́ fún àwọn tí ó fẹ́ ẹ. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi kóòtù ìbílẹ̀ rọ́pò wọn, bí ẹni pé Mùsùlùmí kò sí ní ilẹ̀ Yorùbá. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000 ni àwọn ẹgbẹ́ Mùsùlùmí ní Ìbàdàn àti Èkó ti dá ìgbìmọ̀ Ṣàríà tiwọn sílẹ̀, tí wọ́n ń bá tọkọtaya tí ó bá fúnra wọn wá parí ìjà. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, tí wọ́n fẹ́ ṣe irú rẹ̀ ní Ọ̀yọ́ àti Èkìtì, ariwo gba ìlú kan. Yorùbá ti yá ọ̀rọ̀ yìí láti ayé àtijọ́. Bí a bá ní wọ́n dá sẹ̀ríà fún ẹnìkan, ìyà ẹ̀ṣẹ̀ ni à ń wí. Bóyá ìdí nìyẹn tí àyà fi ń já àwọn aládùúgbò wa nígbà tí wọ́n bá gbọ́ ọ: ọwọ́ gígé ni wọ́n ń rí lójú ọkàn wọn. Ohun tí ìyá ọlọ́mọ mẹ́rin ń wá sì jẹ́ owó oúnjẹ ọmọ.

Ohun tí àwọn mìíràn ti ṣe

A kọ́ ni ó kọ́kọ́ dé oríta yìí. Ní ilẹ̀ Íńdíà, Shah Bano lọ́kọ ní 1932. Ọkọ rẹ̀, tí ó jẹ́ agbẹjọ́rò ní ìlú Indore, kọ̀ ọ́ sílẹ̀ ní 1978 nígbà tí ó ti di ìyá àgbà. Ọkọ ní òun ti san sàdáàkì, òun sì ti bọ́ ọ títí iddah fi parí, kò kù síbì kan. Ní 1985, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní kí ó máa fún un ní owó ìtọ́jú lóṣooṣù. Owó náà kò ju rúpìì 179 àti díẹ̀ lọ. Àwọn aṣáájú Mùsùlùmí gbógun, ìjọba bẹ̀rù ìbò, wọ́n sì ṣe òfin tuntun ní 1986 láti fi tẹ́ wọn lọ́rùn. Ṣùgbọ́n ní 2001, àwọn adájọ́ túmọ̀ òfin yẹn gan-an pé láàárín iddah ni ọkọ gbọdọ̀ pèsè ohun tí yóò tó ìyàwó fún ọjọ́ iwájú. Ní 2017, ilé-ẹjọ́ náà tún fagi lé àṣà kí ọkọ máa sọ talaq mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Òfin 2019 sì sọ ọ́ di ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé kóòtù tí ó bá sáré ju àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ yóò tún padà wá mú wọn ní ọwọ́.

Àwọn orílẹ̀-èdè Mùsùlùmí alára kò fi ọ̀ràn yìí sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ ẹnu. Láti 1961 ni Pakistan ti sọ pé ọkọ tí ó bá sọ talaq gbọdọ̀ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ìjọba, kò sì ní múlẹ̀ títí àádọ́rùn-ún ọjọ́ yóò fi pé. Íjíbítì fún obìnrin láyè ní 2000 láti gba khul' ní kóòtù láìgba àṣẹ ọkọ. Ní Morocco, tí òun náà jẹ́ ilẹ̀ Málíkì bíi tiwa, òfin 2004 sọ pé ọkọ kò lè kọ ìyàwó sílẹ̀ láìgba iwájú adájọ́ kọjá. Kò sí ẹni tí yóò sọ pé àwọn wọ̀nyí kì í ṣe Mùsùlùmí.

Ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan àwọn ará wa tí ó wà ní Peckham àti àwọn àdúgbò mìíràn ní Lọ́ńdọ̀nù. Nínú ẹjọ́ Akhter àti Khan, tọkọtaya kan so yìgì ní 1998, wọn kò sì fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, bí ìyàwó tilẹ̀ ń bẹ ọkọ pé kí wọ́n lọ. Ó tó nǹkan bí ọdún méjìdínlógún tí wọ́n fi gbé pọ̀, wọ́n sì bí ọmọ mẹ́rin. Ní 2020, àwọn adájọ́ ní ohun tí wọ́n ṣe kì í tilẹ̀ í ṣe ìgbéyàwó tí òfin lè tú ká. Ẹni tí ó bá ń lọ sí òkè òkun pẹ̀lú yìgì nìkan, kí ó rántí èyí.

Ìdáhùn sí àwọn méjì

Àwọn kan ń wí pé kí òfin kan ṣoṣo wà fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà, kí ẹlẹ́sìn kúrò nínú ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó. Mo bọ̀wọ̀ fún èrò yìí, ṣùgbọ́n mo ti sọ ibi tí òfin kan ṣoṣo náà ti wá. Ẹni tí aṣọ bá ara rẹ̀ mu ni ó ń wí pé kí gbogbo ayé wọ̀ ọ́.

Àwọn kan ní òdìkejì ń wí pé òfin Ọlọ́hun ga ju ti ènìyàn lọ, pé ìwé rẹ́jísírì kò ju bébà lásán lọ, ìyẹn ni wọ́n fi ń fẹ́ ìyàwó kejì lé e. Àwọn wọ̀nyí ni mo fẹ́ bi ní ìbéèrè kan. Ta ni ó fi ipá mú ọ fọwọ́ sí i? Ẹ̀sìn Mùsùlùmí pa á láṣẹ fún onígbàgbọ́ òdodo kí ó mú àdéhùn rẹ̀ ṣẹ. Ọlọ́hun kò fi dandan lé e pé kí ọkùnrin fẹ́ mẹ́rin. Ó yọ̀ǹda ni, ó sì so òdodo mọ́ ọn. Ẹni tí ó bá fi ẹnu ara rẹ̀ ṣèlérí pé òun kò ní lo ìyọ̀ǹda kan, tí ó sì mú obìnrin wọlé lórí ìlérí yẹn, kò lè sá sábẹ́ àwọ̀lékè ẹ̀sìn nígbà tí ó bá fẹ́ yẹ̀. Òfin Ọlọ́hun gan-an ni ó rú. Bí ó bá mọ̀ pé ọ̀kan kò ní tó òun, kí ó sọ ọ́ fún ọmọbìnrin náà àti àwọn òbí rẹ̀ kí wọ́n tó jáde nílé. Bóyá wọn yóò gbà, bóyá wọn kò ní gbà. Ìyẹn ni òótọ́.

Kí ni ṣíṣe?

Èkíní, kí á máa kọ yìgì sílẹ̀. Ìwé òfin 1999 ti fi ìforúkọsílẹ̀ gbogbo ìgbéyàwó sínú iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Kò sọ pé ti olórùka nìkan. Kí mọ́sáláṣí kọ̀ọ̀kan ní ìwé ńlá kan, kí ẹ̀dà rẹ̀ sì lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀: ọjọ́, orúkọ, iye sàdáàkì àti èyí tí ó kù, àdéhùn tí wọ́n jọ ṣe, àti bóyá ọkọ ti ní ìyàwó mìíràn. Àlùkùránì alára ní kí a máa kọ gbèsè sílẹ̀ lójú ẹlẹ́rìí. Ǹjẹ́ obìnrin kò ju gbèsè lọ?

Ìkejì, kí àlùfáà máa bèèrè ìbéèrè méjì. Kí ó tó so yìgì: 'Ǹjẹ́ ẹnìkan nínú yín ní ìwé rẹ́jísírì pẹ̀lú ẹlòmíràn?' Nígbà tí ó bá sì jẹ́rìí sí ìkọ̀sílẹ̀: 'Ìwé kóòtù yín ńkọ́?' Bí ó bá wà, kí ó rán wọn lọ sí Ilé-ẹjọ́ Gíga. Bákan náà, kí ọkọ tí kóòtù bá ti tú ìgbéyàwó rẹ̀ ká sọ ọ̀rọ̀ ìkọ̀sílẹ̀ lójú ẹlẹ́rìí. Ẹni tí ó bá di obìnrin mú nítorí ìkà nìkan, kí wọ́n yọ orúkọ rẹ̀ kúrò láàárín àwọn ọmọlúàbí mọ́sáláṣí.

Ìkẹta, kí àwọn ìpínlẹ̀ wa ṣe ohun tí ó wà ní ìkáwọ́ wọn. Bí kóòtù Ṣàríà bá ń bà wọ́n lẹ́rù, kí wọ́n fi àwọn tí ó kọ́ òfin Mùsùlùmí ní yunifásítì sórí àga kóòtù ìbílẹ̀, kí wọ́n máa gbọ́ ẹjọ́ yìgì fún ẹni tí ó bá fẹ́. Kò kan ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí, kò sì kan ọ̀ràn olè tàbí ìpànìyàn. Kí àwọn aṣòfin àpapọ̀ náà sì tún òfin 1970 yẹ̀ wò, nítorí pé òfin tí ó sọ pé ọmọ yìgì àti ìyá rẹ̀ kò kan òun ti fi ọ̀pọ̀ ènìyàn sí ìta.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin ni ọ̀rọ̀ kù sí lọ́wọ́. Láàárín ọdún díẹ̀ sí i, púpọ̀ nínú yín yóò jókòó níwájú àlùfáà, ẹ ó sì mú kálàmù ní rẹ́jísírì. Ẹ ka ohun tí ẹ fẹ́ fọwọ́ sí. Ẹ bi ara yín léèrè lóhùn rara, kí ìfẹ́ tó pa yín lẹ́nu mọ́: òfin wo ni yóò dè wá, ta ni yóò sì tú wa bí ó bá burú? Ẹ̀yin olùkọ́ wa ní ẹ̀ka òfin, ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn àti ẹ̀ka èdè Yorùbá, ẹ jọ jókòó lórí tábìlì kan, kí ẹ kọ ìwé pélébé lédè wa tí àlùfáà àti akọ̀wé kóòtù yóò lè jọ kà. Èyí tí ó wà nílẹ̀ lónìí, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ̀kan, Lárúbáwá ni wọ́n fi kọ èkejì, Yorùbá sì ni obìnrin tí wọ́n dè ń sọ.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ilé wa ó tòrò. Kí ó sì jẹ́ kí ẹni tí ilé rẹ̀ kò bá tòrò rí ẹnu ọ̀nà jáde láìsí ẹ̀gàn.